Ọkọ̀ Ìbejì àti Ọ̀ràn Àmúmọ́ra

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sì máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má ṣe tú wa láṣìírí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì fẹ́ jọ bí ẹni pé wọ́n ń ta ko ara wọn. Bí a bá dákẹ́, ìyà tó ń jẹ wá yóò bá wa dákẹ́. Bí a bá sì sọ̀rọ̀, àṣírí lè tú. Èwo ni kí ọmọlúàbí ṣe? Ṣé ẹni tó ru ẹrù wúwo láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ni alágbára, àbí ẹni tó jẹ́ kí a rí i pé ẹrù náà wúwo? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ọkọ̀ tí wọ́n máa ń kàn nígbà kan rí ní ẹnu odò Thames, odò kan náà tó gba àárín Lọ́ńdọ̀nù kọjá.

Irú ọkọ̀ tí à ń sọ yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní catamaran. Orúkọ náà kì í ṣe ti òyìnbó láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú èdè Tamil ti gúúsù Íńdíà ni wọ́n ti yá a, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni igi tí a so pọ̀. Àwa yóò máa pè é ní ọkọ̀ ìbejì, nítorí pé ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó jọ ara wọn ni, tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí a fi igi ìdábùú so pọ̀, tí a sì gbé òpó àti ìgbòkun dúró sí àárín wọn. Àwọn ará erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ti ń fi irú rẹ̀ rin ìrìn àjò tó jìnnà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní Amẹ́ríkà, Nathanael Herreshoff kan ọ̀kan tó pè ní Amaryllis. Ní oṣù kẹfà ọdún 1876, ó fi í bá àwọn ọkọ̀ mìíràn díje ní New York. Ó fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn débi pé àwọn tó pàdánù fẹ̀sùn kàn án, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje náà.

Ní Ìlú Ọba ńkọ́? Àwọn tó sọ ọkọ̀ ìbejì di ohun tí òṣìṣẹ́ lásán lè rà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì kan, Roland àti Francis Prout, ará Canvey Island ní Essex. Ọkọ̀ alájẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń díje, wọ́n sì kópa nínú eré Olympics tó wáyé ní Helsinki ní ọdún 1952. Wọ́n mú ọkọ̀ alájẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n ta ìgbòkun sí i, wọ́n sì rí i pé ó ń sáré. Láti inú ìdánwò yẹn ni ọkọ̀ tí wọ́n sọ lórúkọ Shearwater ti jáde. Ẹyẹ òkun kan tó máa ń fò rẹ́rẹ́ lórí ìgbì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1956, wọ́n ti ń ta Shearwater III fún ẹni tó bá fẹ́. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 5 lọ, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.3. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ra ni wọ́n fi ṣe é. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn méjì tó ń wà á sábà máa ń wúwo ju ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá ń lọ lórí omi, á ru ìgbì kan sókè níwájú, á tún ru òmíràn sókè lẹ́yìn. Bí eré rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì méjèèjì ń jìnnà síra, títí ọkọ̀ náà yóò fi bá ara rẹ̀ nínú kòtò omi tó gbẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kó gun òkè omi. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ wúwo tó gùn tó mítà 5 kì í fi í rọrùn fún láti kọjá nǹkan bíi kìlómítà 10 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ ìbejì kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n ń la omi bí ọ̀bẹ ṣe ń la iṣu. Kò sí òjé tàbí irin wúwo kankan ní ìsàlẹ̀ wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá dára, Shearwater lè sáré ju ìlọ́po méjì eré ọkọ̀ wúwo tó gùn tó o lọ.

Ṣùgbọ́n eré sísá kọ́ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Àìfì rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti dúró rí nínú bọ́ọ̀sì tó ń sáré yóò mọ ohun tí à ń wí: bí ó bá pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ara rẹ̀ á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ó bá ya ẹsẹ̀ dáadáa, á dúró gbọn-in. Ọkọ̀ ìbejì ni ẹni tó ya ẹsẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú, ẹ jẹ́ kí a pe èyí tó wà ní ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ní Táyé, kí a sì pe èyí tó wà ní òdì kejì ní Kẹ́hìndé. Afẹ́fẹ́ ń ti ìgbòkun, ó fẹ́ yí gbogbo ọkọ̀ lé Kẹ́hìndé lórí. Táyé, pẹ̀lú àwọn tó jókòó lé e, ń fi ìwúwo rẹ̀ fà á padà. Nítorí pé àwọn méjèèjì jìnnà síra, ìwúwo kékeré ti tó láti kojú agbára ńlá. Ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ yóò rò pé orí ilẹ̀ ni òun wà.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ní òjé wúwo nísàlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn díẹ̀ ni kó fẹ́, ó ti fì. Bí atẹ́gùn bá le sí i, á tún fì sí i. Ife tíì á dà nù, ọmọdé á figbe ta. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: bí ó ti ń fì, bẹ́ẹ̀ ni òjé ìsàlẹ̀ rẹ̀ túbọ̀ ń fà á padà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìgbòkun rẹ̀ ń yà fún afẹ́fẹ́. Ìfì rẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀, ó sì tún jẹ́ ìtura. Kò sí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé ojú ọjọ́ ti yí padà.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ sì ní ohun kan nínú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ìgbòkun kì í ṣe ìlọ́po méjì mọ́, ìlọ́po mẹ́rin ni. Nínú ọkọ̀ ìbejì, agbára yìí lè máa gòkè kí ilẹ̀ ọkọ̀ sì tẹ́jú síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Táyé yóò kúrò lójú omi. Ìṣẹ́jú tó kúrò lójú omi yẹn gan-an ni agbára tó fi ń di ọkọ̀ mú dé góńgó. Kò sí òmíràn nílẹ̀ mọ́. Bí ó bá tún gòkè sí i, ńṣe ni agbára ìdúró ń dín kù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ lè mọ̀ọ́mọ̀ gbé Táyé sókè fún ìdárayá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára okùn ìgbòkun. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò kàn rí i pé ọkọ̀ ti dojú dé.

Bí ó bá wá dojú dé tán, ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ọkọ̀ olójé yóò fẹ́ dìde padà, nítorí pé òjé rẹ̀ kò lè gbé òkè. Ọkọ̀ ìbejì tó dojú dé pátápátá kì í dìde fúnra rẹ̀. Ó ya ẹsẹ̀ ní ìdojúdé gẹ́gẹ́ bí ó ti yà á nígbà tó wà ní ìdúró. Ohun tí kò jẹ́ kó tètè ṣubú náà ni kò jẹ́ kó lè dìde.

Ẹ̀yin ará wa, ǹjẹ́ kò sí irú ọkọ̀ yìí láàárín wa? Ẹ wo bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tó tún ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ lóru. Owó ilé gòkè, owó iná gòkè, ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ìjẹ̀bú, àbúrò rẹ̀ ń retí owó ilé-ìwé ní Ìbàdàn. Ó ń san gbogbo rẹ̀. Bí ó bá di Sátidé, á wọ agbádá, á lọ síbi ìnáwó, á lẹ owó mọ́ onílù lórí. Bí wọ́n bá pè é láti ilé, á ní, "Adúpẹ́, kò séwu." Ìyàwó rẹ̀ kò mọ iye gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ tún wo ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì ní ìlú mìíràn, tí kì í yé sọ fún ìyá rẹ̀ pé dáadáa lòun wà, títí tí ìwé fi dé láti ilé-ìwé pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i mọ. Kò sí ẹni tó rí ìfì kankan. Ńṣe ni a kàn gbọ́ pé ọkọ̀ ti dojú dé, tí gbogbo wa sì ń sọ pé, "Ṣebí a jọ jẹun lọ́sẹ̀ tó kọjá!"

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọ́n á ní àmúmọ́ra jẹ́ ìwà àgbà, wọ́n á ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, wọ́n á sì ní àgbà tó ń sunkún ní gbangba ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn ọmọ. A kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ọkọ̀ tó ń fì nígbàkúùgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ kì í jẹ́ kí èrò inú rẹ̀ sinmi. Ilé tí bàbá tàbí ìyá ti ń ké lórí ohun gbogbo kì í jẹ́ kí ọmọ gbádùn ìgbà èwe. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a kàwé, tí a jẹun, tí a sì sùn dáadáa nítorí pé ẹnì kan jókòó ti ẹrù náà, tí kò sì jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n. Ọpẹ́ ni fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àìfì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ohun tí a rí bí àléébù ni pé a ti da nǹkan méjì pọ̀: àìfì àti àìsọ. Ọkọ̀ tí kì í fì kò burú, bí àwọn tó wà nínú rẹ̀ bá ní ọ̀nà mìíràn láti mọ bí afẹ́fẹ́ ti le tó. Ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí ọ̀rọ̀ àṣírí. Nígbà tí Yorùbá bá ní lágbájá bò mí láṣìírí, kí ni ó túmọ̀ sí? Ó túmọ̀ sí pé lágbájá mọ ohun tó ń ṣe mí, ó fi aṣọ rẹ̀ bò ó, ayé kò sì rí i. A kì í bo ohun tí a kò mọ̀. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa mọ́ fún gbogbo ènìyàn pátá, ta ni yóò bò ó láṣìírí? Ó ti mú aṣọ kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ìbá bò ó. Nítorí náà, àdúrà àṣírí àti òwe ẹni tó dákẹ́ kò ta ko ara wọn rárá. Ọ̀kan ń sọ fún wa pé kí a má sọ̀rọ̀ síta; èkejì ń sọ fún wa pé kí a sọ ọ́ nínú ilé.

Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ìbejì ti ronú lórí èyí ju bí a ti lérò lọ. Wọn kì í fi bí ara wọn ti rí lára wọn nìkan mọ ìgbà tí ewu dé. Nínú ìwé ìlànà àwọn ọkọ̀ ìbejì ńlá tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò, a sábà máa ń rí àtẹ kan: bí afẹ́fẹ́ bá ti dé ìwọ̀n báyìí, ẹ ká ìgbòkun kù lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá dé ìwọ̀n báyìí, ẹ tún ká a kù. Kì í ṣe pé kí ẹ dúró títí ẹ̀rù yóò fi bà yín. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ohun tí tọkọtaya lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n nìyí. Kí wọ́n ṣàdéhùn nígbà tí ara tù wọ́n pé, bí gbèsè bá ti kọjá iye báyìí, a ó jókòó sọ ọ́. Bí ẹnì kan nínú wa kò bá sùn fún òru mélòó kan, a ó béèrè ìdí. Àdéhùn tí a ṣe nígbà ìrọ̀rùn kì í jọ ẹ̀sùn nígbà ìnira.

Wọ́n tún mọ̀ pé ó dára kí ọkọ̀ mìíràn máa tẹ̀ lé ọkọ̀. Ní Hawaii, wọ́n kan ọkọ̀ ìbejì ńlá kan, Hōkūleʻa, ní ìlànà àwọn baba ńlá wọn. Ní ọdún 1976 ó lọ láti Hawaii dé Tahiti láìlo ẹ̀rọ ìtọ́nà kankan. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1978, ó tún gbéra nínú afẹ́fẹ́ líle. Omi wọ inú ọ̀kan nínú ìbejì náà, ó sì dojú dé lóru. Kò sí ọkọ̀ kankan tó ń tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Eddie Aikau, ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 31 tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa yọ àwọn tó ń rì nínú òkun, gun pákó rẹ̀ láti lọ wá ìrànlọ́wọ́. Wọ́n padà rí àwọn yòókù gbà là, ṣùgbọ́n a kò rí òun mọ́ títí di òní. Nígbà tí ọkọ̀ náà tún lọ sí Tahiti ní ọdún 1980, ọkọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Ògo ìrìn àjò náà kò dín kù nítorí ìyẹn. Ẹni tó gbà kí ọ̀rẹ́ kan máa bá òun lọ kò tíì di ọ̀lẹ.

Ẹ̀kọ́ tó kẹ́yìn wà nínú bí a ti ń gbé ọkọ̀ ìbejì kékeré dìde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti dí ihò òpó rẹ̀ pa, tàbí tí wọ́n so ohun tó léfòó mọ́ orí rẹ̀, kí ọkọ̀ má baà yí délẹ̀délẹ̀ nígbà tó bá ṣubú. Bí ó bá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, àtúnṣe ṣì wà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á tú okùn ìgbòkun. Bí a kò bá tú u, omi tó wà nínú ìgbòkun kò ní jẹ́ kó dìde. Bí ó bá sì dìde, afẹ́fẹ́ yóò tún mú un, yóò tún bì í ṣubú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yí imú ọkọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, wọ́n á ju okùn kọjá lórí èyí tó wà lókè, wọ́n á dúró lórí èyí tó wà nísàlẹ̀, wọ́n á sì fi ara tì sẹ́yìn. Hobie 16 ti California, tó jẹ́ àbúrò Shearwater nínú irú ọkọ̀ yìí, wúwo tó nǹkan bíi kílò 145. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò sanra kì í sábà lè gbé e dìde. Àfi kí ẹlòmíràn fi ìwúwo tirẹ̀ kún un.

Ìlànà yìí kan àwa tí a wà létí omi pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ ẹnì kan bá ṣubú láàárín ẹgbẹ́ wa, a sábà máa ń sáré lọ bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀. Ìbéèrè yẹn kò ní kí a má bi í, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kàn. Okùn ni kí a kọ́kọ́ tú: kí a gba díẹ̀ nínú ẹrù náà kúrò lórí rẹ̀. Kí a bá a sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n ní sùúrù ná. Kí a bá a mú àwọn ọmọ fún ọjọ́ mélòó kan. Kí a lọ sọ̀rọ̀ fún ẹni tó jẹ lówó. Lẹ́yìn náà ni kí a tó dìde dúró, kí a jọ fà á.

Ta wá ni ẹ̀bi ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, ẹni tí kò sọ ni tàbí ẹni tí kò béèrè? Lójú tiwa, ojúṣe náà kan àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò dọ́gba. Ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ nígbà tí ó ṣì lágbára, nítorí pé òun nìkan ló mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá ti pẹ́ lábẹ́ ẹrù, ẹnu rẹ̀ yóò wúwo; nígbà náà ni ojúṣe yóò yí padà sọ́dọ̀ àwa tí a ń gbádùn ìtẹ́jú ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá ń jókòó pẹ̀sẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kì í fì, ó yẹ kó máa bojú wo ìgbòkun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ìyàwó béèrè, kí ọkọ béèrè, kí ọmọ tó ti gbọ́n béèrè. Kí àwọn tó wà nílé, tí wọ́n ń gba owó lóṣooṣù, béèrè nígbà mìíràn pé, "Ṣé kò ni yín lára?" Kì í ṣe ìbéèrè tó le. Ẹni tí a bá bi í lè má dáhùn lọ́jọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé ẹnì kan wà létí òun tó mú aṣọ dání.